Nóòtì Ń Wọlé, Wíìlì Ò Wọlé: Bẹ́ẹ Ṣe Máa Rẹ̀kọ́ọ̀dù Wíìlì, Pẹ́dà àti Nọ́ọ̀bù Kíbọ́ọ̀dù Yín Sínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń bi mí ní ìbéèrè yìí ti pọ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì lágbègbè Tákíẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tẹ́ẹ ń ṣe bíìtì nínú yàrá yín ní Under G, ẹnì kan tiẹ̀ pè mí láti Ọ̀yọ́ lálẹ́ Sátidé pé àwọn ń rẹ̀kọ́ọ̀dù lọ́wọ́, mi ò sì lè máa dá gbogbo yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, ẹ jẹ́ ká kúkú to gbogbo ẹ̀ síbí. Ìbéèrè náà ò ju ọ̀kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo so kíbọ́ọ̀dù mọ́ láptọ́ọ̀pù, nóòtì ń wọlé dáadáa, wíìlì náà ń dún nígbà tí mo ń yí i, àmọ́ tí mo bá ní kó lu ohun tí mo rẹ̀kọ́ọ̀dù padà fún mi, bíi pé mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan ni."

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ yé rẹ̀kọ́ọ̀dù nóòtì àti wíìlì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tẹ nóòtì yín ná, kó dùn, kó tán, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ẹ wá rẹ̀kọ́ọ̀dù wíìlì lé e lórí. Ọwọ́ méjì lẹ ní, tí ọwọ́ òsì bá ń tẹ báàsì, wíìlì wo lẹ fẹ́ fi ọwọ́ kẹta yí? Ó yàtọ̀ fún pẹ́dà ṣá, ẹsẹ̀ ni tiẹ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ nóòtì láìsí wàhálà.

## Ohun tó ń gba inú wáyà yẹn kọjá

Mi ò ní pẹ́ níbí. Tẹ́ẹ bá yí wíìlì, kò sí ohùn kankan tó ń gba inú wáyà USB yẹn kọjá. Nọ́ńbà ló ń kọjá, èdè nọ́ńbà tí kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní MIDI. Ó dà bí ọwọ́ adarí ẹgbẹ́ akọrin, ọwọ́ yẹn ò kọrin, àmọ́ àwọn tó ń kọrin ń wò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan tẹ́ẹ ń yí ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, wọ́n ń pè é ní CC (Control Change), iye tó sì lè gbé bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 127. Àwọn tẹ́ẹ máa bá pàdé jù nìyí:

- CC1: wíìlì modulation, òun ló ń mú ohùn gbọ̀n, nínú ọ̀pọ̀ ohùn fayolíìnì òde òní, òun náà ló ń mú kí ohùn wọn le tàbí kó rọlẹ̀
- CC7: fọ́lúùmù ṣánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀nà tí nóòtì àti nọ́ńbà ohùn kan ń gbà
- CC10: òun ló ń gbé ohùn lọ sápá òsì tàbí ọ̀tún
- CC11: expression, fọ́lúùmù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ CC7
- CC64: pẹ́dà sustain, 63 lọ sísàlẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ ti kúrò, 64 lọ sókè túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ wà níbẹ̀
- CC74: ọ̀pọ̀ síńtì máa ń fi ṣe bí ohùn á ṣe mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn tó

Wíìlì tó ń tẹ ohùn, pitch bend, kì í ṣe CC. Ààyè tiẹ̀ yàtọ̀, iye tiẹ̀ sì tóbi ju ti CC lọ gan-an, ìpele 16,384 ló ní, àárín ni ibi ìsinmi ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn torí ẹni tó bá ń wá a láàárín àwọn CC máa wá a títí ni.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí inú mi máa ń dùn sí. Níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ohùn lẹ̀ ń rẹ̀kọ́ọ̀dù, ariwo jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò ò lè wọnú ẹ̀. Ẹ lè fi gbogbo ọ̀sán rẹ̀kọ́ọ̀dù wíìlì nígbà tí gbogbo àdúgbò ń pariwo, kẹ́ẹ wá fi òru tó dákẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọrin.

## Kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ rí i pé ẹ ní àwọn wọ̀nyí:

- Kíbọ́ọ̀dù tó ní ojú USB tàbí ojú MIDI olóhò márùn-ún. Yamaha PSR tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ṣe é, M-Audio Keystation tàbí Akai MPK Mini náà dáa
- Wáyà USB tó dáa, kì í ṣe èyí tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó mú
- Sọ́fúwíà kan: Reaper, FL Studio tàbí Cubase ni màá mẹ́nu bà
- Ohùn kan nínú kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ràn sí wíìlì lẹ́nu. Èyí ṣe pàtàkì. Ohùn dùùrù kan wà tó jẹ́ pé kẹ́ẹ yí CC1 títí dọ̀la, kò ní ṣe nǹkan kan, torí ẹni tó ṣe é ò fi nǹkan kan síbẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń lo FL Studio tẹ́ẹ ò tíì rà, ẹ mọ̀ pé ó máa gbà yín láyè láti fi iṣẹ́ pamọ́, àmọ́ kò ní jẹ́ kẹ́ẹ padà ṣí i kẹ́ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ títí tẹ́ẹ máa fi rà á. Reaper ní tiẹ̀ máa ń fún yín ní 60 ọjọ́ láti fi dán an wò, gbogbo ẹ̀ ló sì ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé Reaper ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi kọ́ iṣẹ́ yìí, kò wúwo fún láptọ́ọ̀pù àtijọ́ náà.

## Síso ó pọ̀

1. Ẹ fi pẹ́dà sínú kíbọ́ọ̀dù kẹ́ẹ tó tan kíbọ́ọ̀dù, kẹ́ẹ sì má tẹ pẹ́dà náà mọ́lẹ̀ nígbà tẹ́ẹ bá ń tan án. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, ìgbà tí wọ́n bá tan ni wọ́n ń wo ipò tí pẹ́dà wà, tí ẹsẹ̀ yín bá wà níbẹ̀ nígbà yẹn, gbogbo nǹkan á dojú dé, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò ni ohùn á máa fà lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ ni á gé.
2. Ẹ so wáyà USB mọ́ láptọ́ọ̀pù tààrà. Ẹ má gbà á láti ara USB onílé mẹ́rin tí máósì, módẹ́ẹ̀mù àti fáànù kékeré ti kún inú ẹ̀.
3. Tó bá jẹ́ Yamaha tó ti pẹ́ díẹ̀, tí Windows ò sì dá a mọ̀, ẹ lọ gba USB-MIDI Driver lórí wẹ́ẹ̀bù Yamaha fúnra wọn, kẹ́ẹ fi sí i, kẹ́ẹ tún láptọ́ọ̀pù tàn.
4. Tó bá jẹ́ wáyà USB sí MIDI aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú lẹ̀ ń lò, OUT kíbọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ wọ IN kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n kọ sára orí wáyà yẹn máa ń da èèyàn rú, tí nǹkan kan ò bá wọlé, ẹ pààrọ̀ orí méjèèjì kẹ́ẹ tún un gbìyànjú.
5. Ìgbà tẹ́ẹ bá ti so ó tán ni kẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sọ́fúwíà. Àwọn sọ́fúwíà kan ò ní rí kíbọ́ọ̀dù tó bá wọlé lẹ́yìn àwọn.

Tó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù tó ní ohùn tiẹ̀ bíi PSR, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Local sí nínú Function ẹ̀, kẹ́ẹ pa á. Tẹ́ẹ ò bá pa á, ẹ máa gbọ́ ohùn méjì lórí nóòtì kan, ti kíbọ́ọ̀dù àti ti kọ̀ǹpútà. Tẹ́ẹ bá sì parí iṣẹ́, ẹ tan án padà o! Ọjọ́ Sọ́ńdè kọ́ ló yẹ kẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìdí tí kíbọ́ọ̀dù ò fi dún. Ẹ pa sítáìlì náà, torí ìlù àti báàsì sítáìlì lè máa wọ kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ohun tẹ́ẹ ń tẹ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ rí i pẹ̀lú ojú

Ibí ni ọ̀pọ̀ yín ti ń fò kọjá. Kẹ́ẹ tó tẹ bọ́tìnì pupa, ẹ rí i dájú pé ohun tí wíìlì ń sọ ń dé inú kọ̀ǹpútà. Lórí Windows, MIDI-OX wà lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ́ẹ bá ti ṣí i tẹ́ẹ yan kíbọ́ọ̀dù yín, gbogbo nǹkan tẹ́ẹ bá fọwọ́ kàn ló máa jáde bí ìlà ọ̀rọ̀: nọ́ńbà CC, iye ẹ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì tó gbà wá. Nínú Reaper, ẹ fi ReaControlMIDI sórí tíráákì yín, kẹ́ẹ tẹ Show Log, ohun kan náà ló máa ṣe.

Ìkìlọ̀ kan: lórí Windows, lọ́pọ̀ ìgbà, sọ́fúwíà kan ṣoṣo ló lè di kíbọ́ọ̀dù mú lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ẹ bá fi MIDI-OX wò ó tán, ẹ pa á pátápátá kẹ́ẹ tó ṣí Reaper tàbí FL. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á sọ pé kíbọ́ọ̀dù òun ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ MIDI-OX ló dì í mú lẹ́yìn.

Ohun tẹ́ẹ máa rí máa sọ ibi tí wàhálà wà:

- Nóòtì jáde, wíìlì ò jáde: kíbọ́ọ̀dù ni ò rán an. Ẹ wo inú Function tàbí MIDI ẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pa á níbẹ̀.
- Wíìlì jáde, sọ́fúwíà ò rẹ̀kọ́ọ̀dù ẹ̀: ẹ máa ka ìwé yìí lọ, tiyín ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀.
- Nọ́ńbà ń jáde fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan: eruku ti wọ inú wíìlì tàbí nọ́ọ̀bù yẹn. Ìgbà ọyẹ́, mo máa ń rí èyí gan-an. Ẹ fi aṣọ bo kíbọ́ọ̀dù yín tẹ́ẹ ò bá lò ó.

## Rírẹ̀kọ́ọ̀dù ẹ̀ nínú Reaper

1. Ẹ tẹ Ctrl+T fún tíráákì tuntun, ẹ tẹ FX lára ẹ̀, ẹ yan ohùn tẹ́ẹ fẹ́.
2. Ẹ tẹ bọ́tìnì pupa roboto tó wà lára tíráákì náà. Ẹ wá fi apá ọ̀tún máósì tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí Input: MIDI, ẹ yan kíbọ́ọ̀dù yín, All Channels. Tí orúkọ kíbọ́ọ̀dù ò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sí Options, Preferences, kẹ́ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MIDI sí lábẹ́ Audio, kẹ́ẹ tan án níbẹ̀.
3. Ẹ tẹ Ctrl+R, ẹ tẹ nóòtì yín látòkè délẹ̀. Ẹ má tíì fọwọ́ kan wíìlì. Ẹ dá a dúró.
4. Ibí ni kókó wà. Ẹ tún fi apá ọ̀tún máósì tẹ bọ́tìnì pupa yẹn, kẹ́ẹ yí ọ̀nà tó ń gbà rẹ̀kọ́ọ̀dù kúrò ní Record: input sí Record: MIDI overdub, ìyẹn ni kó máa rẹ̀kọ́ọ̀dù lé èyí tó wà níbẹ̀ lórí láì pa á rẹ́.
5. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, tàbí báà kan ṣáájú ibi tẹ́ẹ fẹ́. Ẹ tẹ Ctrl+R, ẹ máa gbọ́ nóòtì yín, kẹ́ẹ máa yí wíìlì bó ṣe ń lọ.
6. Ẹ dá a dúró, ẹ tẹ orí ohun tẹ́ẹ rẹ̀kọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí. Nísàlẹ̀, ẹ yan 01 Mod Wheel MSB, ẹ máa rí òkè àti àfonífojì tẹ́ẹ fi ọwọ́ yà.

Tẹ́ẹ bá fo ìgbésẹ̀ kẹrin, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé Reaper máa gbé wíìlì yẹn sínú take tuntun (ẹ̀dà míì tó rẹ̀kọ́ọ̀dù lójú kan náà), ó máa bo èyí tí nóòtì wà nínú ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wá máa pariwo pé nóòtì ti sọnù. Kò sọnù. Ẹ tẹ T, á gbé take àkọ́kọ́ padà wá, kẹ́ẹ wá tún un ṣe bó ṣe yẹ.

Tí wíìlì yín bá dáa látìbẹ̀rẹ̀ àmọ́ tí ibì kan láàárín ò dáa, MIDI touch-replace wà nínú àwọn tẹ́ẹ lè yàn yẹn, ibi tẹ́ẹ bá ti fọwọ́ kan wíìlì nìkan ló máa pààrọ̀. Ẹ má lọ yan MIDI replace ní tiẹ̀ o, ìyẹn á gbá gbogbo ẹ̀ lọ, nóòtì àti wíìlì.

## FL Studio ní tiẹ̀

FL ò ronú bí àwọn tó kù. Kì í fẹ́ tọ́jú wíìlì bíi CC lẹ́gbẹ̀ẹ́ nóòtì, ohun tó mọ̀ ni pé nọ́ọ̀bù kan wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ẹ ń yí lọ́wọ́, kí òun wá máa rẹ̀kọ́ọ̀dù bí nọ́ọ̀bù ojú kọ̀ǹpútà yẹn ṣe ń rìn. Tẹ́ẹ bá ti gbà bẹ́ẹ̀ fún un, wàhálà yín ti dín kù.

1. Ẹ tẹ F10, ẹ lọ sí MIDI, ẹ tẹ orúkọ kíbọ́ọ̀dù yín, kẹ́ẹ tan Enable.
2. Ẹ fi apá ọ̀tún máósì tẹ nọ́ọ̀bù tẹ́ẹ fẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ yan Link to controller, ẹ wá yí wíìlì tàbí nọ́ọ̀bù ara kíbọ́ọ̀dù yín. Ó ti so.
3. Tó bá jẹ́ pé inú pílọ́gíìnì (sọ́fúwíà ohùn tó ń ṣiṣẹ́ nínú FL) tí wọ́n rà láti ibòmíì ni nọ́ọ̀bù náà wà, tí apá ọ̀tún máósì ò sì mú nǹkan wá, ẹ fi máósì yí i díẹ̀, kẹ́ẹ lọ sí Tools, Last tweaked, Link to controller.
4. Ẹ fi apá ọ̀tún máósì tẹ bọ́tìnì pupa tòkè. Automation gbọ́dọ̀ ní àmì lára. Tó bá jẹ́ Notes nìkan ló ní àmì, ìdí tí wíìlì yín ò fi wọlé nìyẹn, kò sí nǹkan míì.
5. Ẹ rẹ̀kọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fi apá ọ̀tún máósì tẹ nọ́ọ̀bù yẹn padà, Edit events, ẹ máa rí ohun tẹ́ẹ ṣe.

Tó bá jẹ́ CC gan-an lẹ fẹ́ rán sí pílọ́gíìnì yín, bíi CC1 sí fayolíìnì, ẹ ṣí Browse parameters láti igun òkè pílọ́gíìnì náà, kẹ́ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ pátápátá, àwọn MIDI CC wà níbẹ̀, ẹ so èyí tẹ́ẹ fẹ́ mọ́ wíìlì bíi ti ìgbésẹ̀ kejì.

## Cubase, ní kúkúrú

Ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà rẹ̀kọ́ọ̀dù MIDI lórí Transport, ẹ jẹ́ kó wà ní Merge kẹ́ẹ tó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Replace á pa nóòtì yín rẹ́. Tí CC ò bá wọlé rárá, ẹ lọ sí Preferences, MIDI, MIDI Filter, tí àmì bá wà níwájú Controller lábẹ́ Record, ẹ yọ ọ́, torí pé ohun tó bá ní àmì níbẹ̀ ni Cubase ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Láti rí ohun tẹ́ẹ ṣe, ẹ ṣí Key Editor, ìlà CC wà nísàlẹ̀.

## Òfin kan tẹ́ẹ ò gbọ́dọ̀ rú

CC kì í padà sílé fúnra ẹ̀. Ibi tẹ́ẹ bá fi sí ló máa wà títí tí nọ́ńbà míì á fi dé. Tẹ́ẹ bá fi CC11 rọra pa ohùn kú ní ìparí orin, tẹ́ẹ wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohùn náà má jáde mọ́, torí 0 lẹ fi sílẹ̀. Ẹlòmíì á tún pílọ́gíìnì fi sí kọ̀ǹpútà, á tún Windows ṣe, á lọ bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni.

Nítorí náà, lórí gbogbo tíráákì tẹ́ẹ bá ti rẹ̀kọ́ọ̀dù CC:

- Ẹ fi iye kan sí báà kìn-ín-ní gan-an, kí nóòtì àkọ́kọ́ tó dún: CC11 sí 100 tàbí 127, CC1 sí 0, CC64 sí 0, pitch bend sí àárín
- Ní ìparí, ẹ dá wíìlì àti pẹ́dà padà síbi tó yẹ
- Tẹ́ẹ bá gé tíráákì láàárín, tẹ́ẹ gbé e lọ síbòmíì, ẹ wo bóyá ẹ gé e níbi tí pẹ́dà ṣì wà nílẹ̀. Tí 127 bá wà níbẹ̀ tí 0 ò tẹ̀lé e, gbogbo nóòtì á máa fà lé ara wọn lórí

Tí nǹkan bá dà rú tó ń hó lọ, ní FL, Ctrl+H á pa gbogbo ohùn. Ní Cubase, ẹ lọ sí MIDI, Reset.

## CC7 tàbí CC11?

Ẹ lo CC11. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń ṣe orin ẹgbẹ́ akọrin ló máa mọ rírì èyí jù, ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi níbí tẹ́ẹ ń kọ́ orin ìjọ náà. Tẹ́ẹ bá fi CC7 mú ohùn lọ sókè sódò láàárín orin, tó wá di ọjọ́ mímíìsì, tẹ́ẹ fẹ́ dín fayolíìnì kù lápapọ̀, nọ́ńbà CC7 tó wà nínú orin á máa gbé e padà sókè lé yín lọ́wọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ CC11 lẹ fi ṣe é, CC7 á wà fún mímíìsì, CC11 á wà fún bí orin ṣe ń mí. Èrò tèmi nìyẹn, ẹlòmíì á ní CC7 ò burú, kó máa mú un lọ.

## Gángan tó ń sọ̀rọ̀: iṣẹ́ pitch bend

Tẹ́ẹ bá ní ohùn gángan tí wọ́n ti sàmpù (ìlù gidi tí wọ́n rẹ̀kọ́ọ̀dù sínú kọ̀ǹpútà), tẹ́ẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ ní nóòtì nóòtì, ó máa dún bí ìgbà tí ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá bá ń lùlù. Nóòtì tòkè, nóòtì tìsàlẹ̀, kò sí ìfà láàárín. Bẹ́ẹ̀ wíìlì bend ló lè fà á.

1. Gángan gbọ́dọ̀ wà lórí tíráákì àti ṣánẹ́ẹ̀lì tiẹ̀. Bend kì í mú nóòtì kan ṣoṣo, gbogbo nóòtì tó bá wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn ló máa tẹ̀. Tí ọ́gáànù bá wà pẹ̀lú ẹ̀ níbẹ̀, ọ́gáànù náà á máa sọ̀rọ̀.
2. Ẹ wo bend range inú pílọ́gíìnì náà, ìyẹn ibi tí wíìlì lè tẹ ohùn dé. Nóòtì ìdajì (semitone) 2 ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé wá, ó kéré jù fún gángan. Èmi máa ń fi sí 7. Ẹ ṣe èyí kẹ́ẹ tó rẹ̀kọ́ọ̀dù, torí ohun tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ni ibi tí wíìlì wà, kò mọ nóòtì tó bọ́ sí. Tẹ́ẹ bá yí range padà lẹ́yìn tẹ́ẹ ti rẹ̀kọ́ọ̀dù, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ á yí padà, oríkì lè di èébú.
3. Ẹ rẹ̀kọ́ọ̀dù lílù náà lórí nóòtì kan ṣoṣo, ohùn re, kó bá àkókò mu.
4. Ẹ padà, ẹ fi sí overdub, kẹ́ẹ máa fi ẹnu sọ gbólóhùn náà síta bẹ́ẹ ṣe ń yí wíìlì. Ohùn mí, ẹ gbé e sókè, ohùn dò, ẹ fà á wálẹ̀, ohùn re, ẹ jẹ́ kó wà láàárín.
5. Ẹ fetí sí ibi tí mí bá tẹ̀lé dò, bíi nínú "ìlú", ẹnu yín kì í fò débẹ̀ lójijì, ńṣe ló ń gòkè lọ. Níbi tí dò bá tẹ̀lé mí, bíi nínú "rárà", ó ń rọra wálẹ̀ ni. Ìfà yẹn ni kẹ́ẹ jẹ́ kí wíìlì ṣe, ẹ má já a.

Ẹ fi ètò orin sí ìyára tó lọ́ra kẹ́ẹ fi rẹ̀kọ́ọ̀dù wíìlì, tó bá ti parí kẹ́ẹ dá a padà sí ìyára ẹ̀. Nọ́ńbà á tẹ̀lé e lọ, ohùn ò ní bàjẹ́, torí kì í ṣe ohùn lẹ rẹ̀kọ́ọ̀dù.

## Títún un ṣe lẹ́yìn tẹ́ẹ rẹ̀kọ́ọ̀dù

Ọwọ́ èèyàn máa ń gbọ̀n, kò sí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n. Ẹ má tún gbogbo ẹ̀ ṣe tán tó fi máa dà bí ẹ̀rọ. Ibi tó bá fò sókè láìnídìí nìkan ni kẹ́ẹ fi máósì pa rẹ́.

Tí nọ́ńbà bá pọ̀ jù lójú kan tó dúdú kirikiri, ẹ dín in kù, pàápàá tó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù tòde lẹ̀ ń rán an padà sí nípasẹ̀ wáyà olóhò márùn-ún, ọ̀nà yẹn tóóró, nọ́ńbà tó bá pọ̀ jù á mú kí nóòtì máa pẹ́ dé. Inú Reaper, ẹ lè fi nọ́ńbà díẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ẹ sì jẹ́ kó fa ìlà láàárín wọn fúnra ẹ̀ nípa yíyí CC shape wọn padà.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú quantize, ìyẹn kí sọ́fúwíà sún nóòtì yín bọ́ sórí àkókò gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà nóòtì nìkan ló ń gbé, ó ń fi CC sílẹ̀ níbi tó wà. Tí nóòtì bá sún mọ́ iwájú tí pẹ́dà sì dúró sẹ́yìn, pẹ́dà á máa mú nóòtì tí kò kàn án. Ìdí nìyí tó tún fi yẹ kẹ́ẹ parí quantize nóòtì kẹ́ẹ tó rẹ̀kọ́ọ̀dù wíìlì lé e. Tó bá jẹ́ dùùrù tó ní pẹ́dà, èmi kì í quantize ẹ̀ rárá, màá kúkú tún un tẹ̀.

Àṣìṣe míì tó wọ́pọ̀: ẹ lọ dì nọ́ọ̀bù mú ní 20, bẹ́ẹ̀ iye tó wà nínú orin lójú ibẹ̀ jẹ́ 90, bẹ́ẹ ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ohùn já wálẹ̀ gbì! Ẹ kọ́kọ́ gbé nọ́ọ̀bù sún mọ́ iye ibẹ̀ kẹ́ẹ tó tẹ bọ́tìnì pupa. FL ní Pickup nínú MIDI Settings ẹ̀, tẹ́ẹ bá tan án, kò ní gbọ́ nọ́ọ̀bù yín àfi ìgbà tó bá débi tí iye wà.

## Tí kíbọ́ọ̀dù yín ò bá ní wíìlì ńkọ́?

- Ẹ fi máósì yà á. Nísàlẹ̀ níbi tí CC ti ń hàn, pẹ́ńsù wà níbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, kò sì ní bí ọwọ́ ṣe ń mí, àmọ́ fún kí fọ́lúùmù kàn lọ sókè tàbí sódò, ó ti tó.
- Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó jẹ́ fédà (ohun tẹ́ẹ ń fi ọwọ́ tì lọ sókè sódò) àti nọ́ọ̀bù ló kún ara ẹ̀, bíi Korg nanoKONTROL2, tó ní fédà mẹ́jọ. Fédà dùn ún lò ju wíìlì lọ fún CC11, ẹ gbà mí gbọ́.
- Tí nọ́ọ̀bù kan bá wà lára kíbọ́ọ̀dù yín tó ń rán CC míì, bíi CC74, tí CC1 lẹ sì fẹ́, ẹ má dà á láàmú. Ẹ rẹ̀kọ́ọ̀dù CC74 náà, kẹ́ẹ wá lo MIDI learn inú pílọ́gíìnì yín láti sọ fún un pé CC74 ni kó máa gbọ́.

## Ọ̀rọ̀ iná

Nóòtì tẹ́ẹ tẹ̀ dáadáa ṣeé tún tẹ̀. Bí ọwọ́ yín ṣe yí wíìlì lọ́jọ́ kan ò ṣeé tún rí gbà bákan náà. Ctrl+S lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ẹ̀kan tó bá dùn mọ́ yín, ẹ má dúró de ìgbà tí orin máa parí. Ẹ tan autosave náà. Tẹ́ẹ bá ń fi bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ torí iná ti lọ, ẹ wọ inú ètò iná Windows, kẹ́ẹ pa USB selective suspend, torí òun ló máa ń gé kíbọ́ọ̀dù kúrò láàárín orin láti fi ṣọ́ bátìrì. Tí kíbọ́ọ̀dù bá já bẹ́ẹ̀ nígbà tí pẹ́dà wà nílẹ̀, 0 tó yẹ kó tẹ̀lé e ò ní dé, ẹ máa ní láti fi máósì fi í síbẹ̀ fúnra yín.